Súpáfáísọ̀ dá orí kejì padà, ó ní kí n lọ sí láíbìrì: kí ni kí n ṣe níbẹ̀ gan-an?

AlaadireKemta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún àṣekágbá ni mo wà, ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kan. Próójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí àwọn ìyá aláàdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, àti bí wọ́n ṣe ń fi WhatsApp àti Instagram tajà. Mo fi orí kejì ránṣẹ́, èyí tí a fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó ti ṣèwádìí ṣáájú wò, ni súpáfáísọ̀ bá dá a padà. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ju báyìí lọ: "Ta ló sọ ọ́? Níbo? Lọ sí láíbìrì."

Mo lọ. Mo rí ṣẹ́ẹ̀fù, mo rí àwọn tó ń kàwé ìdánwò, mo rí àwọn tó ń sùn. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ béèrè. Dátà náà ti wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á já, báwo lẹ ṣe ń lo láíbìrì fún ìwádìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ wo Google, ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀.

Jagunlabi

Ká má parọ́, AC àti iná ni mò ń bá lọ síbẹ̀. Láíbìrì tiwa, ìwé tó tuntun jù ní ẹ̀ka mi, bọ̀dá mi àgbà lè ti fi ṣe próójẹ́ẹ̀tì tiwọn. Kọ̀ǹpútà e-library, ìdajì ò tàn. Ra dátà, jókòó sílé rẹ.

IyaLaibiri

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Láíbìrì yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń dá òǹkàwé lóhùn. Jagunlabi, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí kọ̀ǹpútà tí kò tàn. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ iná ni. Àmọ́ ohun tí ojú rẹ rí lórí ṣẹ́ẹ̀fù kéré sí ohun tí ilé-ìwé rẹ ní. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá gbà.

Aláàdìrẹ, tìrẹ rèé. Wá tábìlì tí wọ́n kọ Reference sí, tàbí kí o béèrè ọ́fíìsì Readers' Services. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ńṣe ni ẹni tó jókòó síbẹ̀ ń ṣọ́ ìwé kí wọ́n má baà jí i. Bíbá yín wá nǹkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kàwé gboyè lórí rẹ̀.

Bí o bá débẹ̀, má bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní ìwé lórí àdìrẹ?" Yóò nàka sí ṣẹ́ẹ̀fù kan, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìbéèrè ni kí o gbé lọ, má gbé àkòrí lásán lọ. Bí àpẹẹrẹ: "Láti ìgbà tí àwọn aláàdìrẹ ti ń tajà lórí WhatsApp, ta ló ń dá iye owó ọjà báyìí, ṣé aláró ni àbí alágbàtà?" Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ padà. Láti ọdún wo? Ṣé Abẹ́òkúta nìkan ni, àbí Òṣogbo náà wà níbẹ̀? Ṣé àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ìwé tí àwọn olùwádìí ń tẹ iṣẹ́ wọn sí, lo fẹ́, àbí ìwé ìròyìn, àbí àkọsílẹ̀ ìjọba? Bó ṣe ń bi ọ́ yẹn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó síwájú mi tí àkòrí rẹ̀ yí padà kó tó dìde, a ò sì tíì ṣí ìwé kankan.

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀fù: ìlànà Library of Congress ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa fi ń to ìwé. Nínú ìlànà yìí, ọ̀rọ̀ rẹ fọ́n káàkiri ilé. Àdìrẹ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà wà lábẹ́ lẹ́tà NK. Bí a ṣe ń di í, tí a ń rẹ ẹ́ ní aró, wà ní TT, níbi iṣẹ́ ọwọ́. Okòwò kéékèèké wà ní HD, ìpolówó ọjà ní HF, ìtàn Nàìjíríà ní DT515. Ẹni tó bá dúró síwájú ṣẹ́ẹ̀fù kan ṣoṣo á ní láíbìrì ò ní nǹkan kan.

Nínú kátálọ́ọ̀gù orí kọ̀ǹpútà, tí à ń pè ní OPAC, tẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣètò ìwé fi pè é: "Resist-dyed textiles", "Tie-dyeing", "Indigo", "Yoruba (African people)". Kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìtòkú, àmọ́ orúkọ tí wọ́n fún un nílé ìwé nìyẹn. Bí o bá ti rí ìwé kan ṣoṣo tó bá ọ mu, wo àkòrí tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ nínú OPAC, kí o tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìwé tó bá a tan á jáde.

AlaadireKemta

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti ń gbìyànjú OPAC wa láti orí fóònù báyìí. Mo tẹ "àdìrẹ" sí i tàmì-tàmì, ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣé kò sí lóòótọ́ ni?

IyaLaibiri

Ó lè wà. Yọ gbogbo àmì kúrò, kí o tẹ "adire". Ẹ̀rọ míì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni àdìrẹ àti adire, ẹ̀rọ míì ò mọ̀. Èmi máa ń tẹ méjèèjì.

Orúkọ ìlú pẹ̀lú. Ìwé àtijọ́ á kọ Oshogbo, Ilesha, Ogbomosho, Shagamu. Ìwé tuntun á kọ Osogbo, Ilesa, Ogbomoso, Sagamu. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan ti pàdánù ìdajì. Bó bá tún jẹ́ ìwé tí wọ́n yà wọnú kọ̀ǹpútà láti orí bébà, ẹ̀rọ tó ka lẹ́tà inú rẹ̀ lè ti ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́. Mo ti rí "Ọ̀ṣun" tó di "Qsun" nínú PDF. Bí o ò bá rí ohun tó o ń wá, fi ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà nítòsí rẹ̀ wá a.

Bí o bá ti wọnú àká jọ́nà, má tẹ gbólóhùn gígùn bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Kọ ọ́ báyìí:

adire AND (WhatsApp OR Instagram OR "social media")

AND ń fún un pọ̀, OR ń là á fẹ̀, àmì àyọlò ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kí wọ́n má tú ká. Ìràwọ̀ ń mú gbogbo ẹ̀yà ọ̀rọ̀ wá: dye* á kó dye, dyer, dyers àti dyeing jọ. Ṣọ́ra fún un o. Bí o bá tẹ trad* nítorí trader, tradition á ya bo ọ́. Google Scholar, ẹ̀ka Google tí a fi ń wá iṣẹ́ ìwádìí, ò ka ìràwọ̀ yẹn sí, àwọn àká tí láíbìrì ń sanwó fún ló mọ̀ ọ́n lò.

DokitaLola

Ẹ̀gbọ́n Aláàdìrẹ, ẹ béèrè Research4Life, ètò tó ń ṣí jọ́nà sílẹ̀ fún ilé-ìwé, ní láíbìrì yín. Àwa tá a wà ní ẹ̀ka ìṣègùn, Hinari la mọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2002 pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn lè rí jọ́nà olówó gọbọi kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. AGORA ni ti iṣẹ́ àgbẹ̀, OARE ti àyíká, ARDI ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, GOALI ti òfin. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọ̀nyẹn tàn yín, jọ́nà nípa okòwò àti àwùjọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé-ìwé ló ń forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá lọ fúnra yín, ẹ ò ní rí ọ̀nà wọlé. Láíbìrì ló mọ bí ẹ ṣe máa wọlé. Tiwa, bébà kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá béèrè. Ojoojúmọ́ là ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ní MyLOFT tàbí RemoteXs. Àwọn ìyẹn ló ń jẹ́ kéèyàn wọnú jọ́nà ilé-ìwé láti ilé, láìdé ọgbà.

Jagunlabi

Bí ilé-ìwé bá ti jẹ gbèsè jọ́nà tí wọ́n sì ti gé e ńkọ́? Torí tiwa, gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀, owó dọ́là ló ń béèrè.

IyaLaibiri

Ó ń ṣẹlẹ̀. Gbèsè kan á wọlé, ìlẹ̀kùn á tì títí owó á fi dé. Ìdí nìyí tá a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà tí kò gba ọwọ́ búọ́sà, ẹni tó ń bójú tó owó ilé-ìwé, kọjá.

AJOL, ìyẹn African Journals Online, ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ó ti wà láti 1998, South Africa ni ibùdó rẹ̀ wà báyìí, jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ló sì ń kó jọ. Ẹni tó ń kọ̀wé lórí ọjà Ìtòkú, tí kò ní ìtọ́kasí kan ṣoṣo láti ọwọ́ olùwádìí Nàìjíríà, súpáfáísọ̀ á bi í pé ṣé ojú òfurufú ló ti wo ọjà náà ni. DOAJ wà pẹ̀lú, láti 2003, jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ ló wà níbẹ̀. JSTOR, àká jọ́nà míì, ń gba ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láyè láti ka àpilẹ̀kọ tó tó 100 lóṣù láìsan kọ́bọ̀. Orí ẹ̀rọ lo ti máa kà á, o ò ní lè gbé e sọ̀kalẹ̀. African Arts, jọ́nà tí UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, wà ní JSTOR. Ó yẹ kí aláàdìrẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Google Scholar, nǹkan méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹ̀ lábẹ́ orúkọ àpilẹ̀kọ. Ọ̀kan ni "All versions". Àpilẹ̀kọ tí wọ́n ń tà ní ojúlé kan lè wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní àká yunifásítì tí òǹkọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni "Cited by": ó ń fi àwọn tó ti ka àpilẹ̀kọ náà tí wọ́n sì fi ṣe ìtọ́kasí hàn ọ́. Àpilẹ̀kọ ọdún 2005 kan tó dára lè gbé ọ dé ti ọdún tó kọjá ní ìtẹ̀ méjì. Ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń mú ọ lọ sẹ́yìn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, kọ ímeèlì sí òǹkọ̀wé. Ìlà mẹ́ta tó. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi í ránṣẹ́ sí ọ, inú wọn sì máa ń dùn pé ẹnìkan kà á.

OmoIbadanNiUK

Mo ń kà yín láti ibí. Níbí, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní olùtọ́jú láíbìrì tirẹ̀. Èèyàn á gba ààyè lórí kàlẹ́ńdà rẹ̀, á jókòó tì í, á gbé kọ̀ǹpútà síwájú, wọ́n á jọ wá nǹkan. Ìwé tí láíbìrì ò bá ní, wọ́n á yá a wá láti ibòmíì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí níbí kò yàtọ̀ sí èyí tí Ìyá Láíbìrì kọ sókè yẹn. Owó wọn ló pọ̀ ju tiwa lọ, ọgbọ́n ibẹ̀ ò yàtọ̀.

Níbí náà, nǹkan ń bàjẹ́ o. October 2023, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára kọlu British Library, wọ́n ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ débi pé EThOS, níbi tí a ti ń wá àwọn tíísìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. CORE, àká iṣẹ́ ìwádìí tí Open University ń bójú tó, la sá lọ bá. Ẹ lè lò ó nílé pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni.

AlaadireKemta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yá mi ní páásíwọ́ọ̀dù tiyín fún ọjọ́ díẹ̀ péré? Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

OmoIbadanNiUK

Àbúrò, má bínú, mi ò lè ṣe é. Orúkọ mi ló wà lórí àdéhùn yẹn. Bí ẹ̀rọ bá rí i pé mo wà ní Lọ́ńdọ́nù àti Abẹ́òkúta láàárín wákàtí kan, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́ èmi náà. Kọ àpilẹ̀kọ tó o fẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ àti ọdún, kí a jọ wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀.

OlukoAgba

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Láíbìrì. Lẹ́kítọ̀ ni mí, mo sì ń bójú tó próójẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ohun tí súpáfáísọ̀ ọmọ yìí ń wí.

Orí kejì tí wọ́n sábà máa ń gbé wá fún wa, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: Lágbájá (2015) sọ báyìí. Tàmẹ̀dò (2018) sọ bẹ́ẹ̀. Làkáṣègbè (2020) náà sọ tirẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ojú ewé ogún, kò sẹ́ni tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹgbẹ́ àwọn láíbìrì yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ACRL, gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2015 lórí ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa ìwádìí. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́fà tó wà níbẹ̀ ni pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni iṣẹ́ ìmọ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Orí kejì ni ibi tí o ti ń sọ ẹni tó wà nínú àpérò, ẹni tó bá ẹni jiyàn, àti ibi tí ìjókòó ṣófo sí tí ìwọ fẹ́ jókòó.

Nítorí náà, Aláàdìrẹ, má wá àpilẹ̀kọ tó sọ nípa àdìrẹ, WhatsApp àti Ìtòkú lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti wà, kí la tún fẹ́ fi iṣẹ́ tìrẹ ṣe? Òkìtì mẹ́ta ni kí o kó jọ. Èkíní, iṣẹ́ lórí àdìrẹ fúnra rẹ̀, ìtàn àti okòwò rẹ̀. Èkejì, iṣẹ́ lórí àwọn obìnrin ọlọ́jà àti fóònù, ì báà jẹ́ ní Gánà tàbí Kẹ́ńyà. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ lórí àwọn oníṣòwò kéékèèké àti ìkànnì àwùjọ. Ibi tí òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fara kanra tí ẹnì kan ò tíì wo ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni ti ẹ.

Bí o bá ti gbé àpilẹ̀kọ sílẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Ka àkékúrú rẹ̀ (abstract), fò lọ sí ìparí, kí o wo bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà: ta ni wọ́n bi, mélòó, níbo, lọ́dún wo. Lẹ́yìn náà ni wàá mọ̀ bóyá ó yẹ kí o kà á tán. Ya tábìlì sórí bébà: òǹkọ̀wé àti ọdún, ìbéèrè rẹ̀, ọ̀nà tó gbà, ohun tó rí, ohun tí kò wò. Òpó tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń kọ orí kejì fún ọ. Àwọn láíbìrì kan ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ lórí èyí fún àwọn ọdún àṣekágbá, èèyàn kì í sì í pọ̀ níbẹ̀ àyàfi bí ẹ̀ka bá sọ ọ́ di dandan. Èmi ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tèmi.

Ẹ ò rántí kọ́ọ̀sì lílo láíbìrì tí ẹ ṣe ní 100 level ni? Gbogbo yín kà á fún ìdánwò, ẹ sì jù ú nù. Ọdún mẹ́ta ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n kọ́ yín àti ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀. Ẹ̀bi àwa olùkọ́ náà wà níbẹ̀, torí a kì í fún yín ní iṣẹ́ tó máa gbé yín dé láíbìrì láàárín.

Jagunlabi

Sà, ChatGPT kó ìtọ́kasí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ fún ọ̀rẹ́ mi láàárín ìṣẹ́jú kan. Orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ojú ewé, gbogbo ẹ̀ pé. Kí la tún ń wá ní ṣẹ́ẹ̀fù?

IyaLaibiri

Jagunlabi, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó tètè yẹ̀ ẹ́ wò kí súpáfáísọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Irú rẹ̀ wá bá mi ní tábìlì. Ọmọbìnrin kan mú bébà wá, ó ní òun ń wá àpilẹ̀kọ kan, òun ti wá a títí. Mo wo ìtọ́kasí náà, ó gún régé. Jọ́nà yẹn wà lóòótọ́. Ọdún àti nọ́ńbà ẹ̀dà náà bára mu. A ṣí ẹ̀dà yẹn, a lọ sí ojú ewé tó kọ: àpilẹ̀kọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Òǹkọ̀wé tó dárúkọ wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí, àmọ́ kò kọ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Bí àwọn ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n mọ bí ìtọ́kasí ṣe máa ń rí lójú, wọ́n á ran èyí tó jọ ọ́.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kì í pẹ́. Bó bá ní DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún àpilẹ̀kọ, lẹ̀ ẹ́ mọ́ doi.org, bí kò bá gbé ọ dé àpilẹ̀kọ náà gan-an, irọ́ ni tàbí àṣìkọ ni. Bí kò bá ní, fi àmì àyọlò ká orúkọ àpilẹ̀kọ náà, kí o tẹ̀ ẹ́ sí Scholar. Lẹ́yìn náà, wo ojúlé jọ́nà fúnra rẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lo AI o. Bí ẹ bá ní kó dárúkọ àwọn ọ̀rọ̀ míì tí èèyàn lè fi wá nǹkan, tàbí kó ṣàlàyé ìmọ̀ ìṣirò kan tí kò yé yín, ó wúlò. Ẹ sáà má jẹ́ kó ṣe ẹlẹ́rìí fún yín. Ẹ béèrè òfin ẹ̀ka yín lórí rẹ̀ pẹ̀lú, kò dọ́gba káàkiri.

Àwọn jọ́nà ayédèrú tún wà, tó ń gba owó tẹ ohunkóhun. "Think. Check. Submit." ni ojúlé tá a máa ń fi hàn yín fún ìyẹn, àwọn ìbéèrè tó wà níbẹ̀ tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá jọ́nà kan ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

AkekooOkeere

NOUN ni mo wà, ìyẹn yunifásítì tí kò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ojoojúmọ́, nítorí náà láíbìrì mi wà nínú fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì míì, ṣé ẹ mọ̀ pé ìwé kọ́ọ̀sì NOUN wà lórí ojúlé rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè gbé sọ̀kalẹ̀? Ẹ ò ní fi wọ́n ṣe ìtọ́kasí orí kejì, àmọ́ bí kọ́ọ̀sì ọgbọ́n ìwádìí bá rú yín lójú, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò ní olùkọ́ níwájú.

Ọ̀rọ̀ dátà: PDF ni kí ẹ máa gbé sọ̀kalẹ̀, ẹ má máa kà á lórí ayélujára. Ẹ fi àkékúrú dá wọn yà sọ́tọ̀ kí ẹ tó gbé e. Bí láíbìrì ilé-ìwé yín bá ní Wi-Fi, ẹ kó orúkọ àpilẹ̀kọ jọ nílé, kí ẹ lọ gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń yá. Àwọn yunifásítì kan tún ní eGranary, àká ìwé ńlá tí wọ́n ti kó sínú ẹ̀rọ kan nínú ọgbà, láti Yunifásítì Iowa ló ti wá. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ béèrè, ó lè jẹ́ pé igun kan ló wà tí eruku ti bò ó.

BabaAro

Ẹ kú àṣálẹ́. Ọmọ Kémta ni mí, nídìí ìkòkò aró la dàgbà sí. Inú mi dùn sí ohun tí ọmọ yìí ń ṣe. Ẹ ti sọ nípa jọ́nà, ẹ jẹ́ kí n fi ti àgbà kún un.

Aláàdìrẹ, ìjà tó wà lórí ọjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá wà lórí oyè, wọ́n fòfin de kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó. Wọ́n ní àdìrẹ ń ṣá, ọjà ń bàjẹ́. Àwọn obìnrin aláró kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lọ́dún 1936. Ta ló ń dá iye owó, ta ló ń dá irú aró, ìbéèrè tó o ń bi WhatsApp nìyẹn. Bí o bá fi èyí ṣí orí kejì rẹ, iṣẹ́ rẹ á ní gbòǹgbò.

Lọ sí National Archives, ibi tí ìjọba ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àtijọ́ sí, ẹ̀ka Ìbàdàn, inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn (UI) ló wà. Gba lẹ́tà ìfinihàn láti ẹ̀ka rẹ kí o tó lọ. Má gbé kálàmù onítáádà síwájú bébà àtijọ́, pẹ́ńsùlù ni.

IyaLaibiri

Bàbá, ẹ ṣé o, ẹ kú ìrántí. Bí ó bá ti dé Ìbàdàn, kó má kàn yà sí Archives nìkan. Kenneth Dike Library, láíbìrì UI, ti wà láti ìgbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di UI sílẹ̀ lọ́dún 1948, ó sì wà lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà ránṣẹ́ sí. Lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì olórí láíbìrì tìrẹ ló máa ṣí ìlẹ̀kùn ibẹ̀ fún ọ. Ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ pé láíbìrì ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. A ń kọ ọ́.

Próójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti jáde, tó wà ní yàrá lọ́tọ̀, kà á fún ìwé ìtọ́kasí ẹ̀yìn rẹ̀. Má da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Àṣìṣe tí ẹnì kan ṣe lọ́dún 2009, mo ti bá a nínú iṣẹ́ ẹni mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àṣìkọ orúkọ kan náà.

DokitaLola

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo Zotero, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìtọ́kasí, láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀fẹ́ ni, Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde, lọ́dún 2006. Ẹ lẹ DOI mọ́ ọn, á kó gbogbo àlàyé wọlé fúnra rẹ̀, á sì to ìtọ́kasí sínú Word ní APA tàbí ìlànà tí ẹ̀ka yín ń lò. Ẹ sáà yẹ orúkọ Yorùbá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fi orúkọ àbísọ sípò orúkọ ìdílé. Ó tún ń kì yín nílọ̀ bí wọ́n bá ti fagi lé àpilẹ̀kọ kan, ìyẹn ṣe pàtàkì fún àwa ẹ̀ka ìṣègùn.

AlaadireKemta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti rí páásíwọ́ọ̀dù Research4Life gbà, àǹtí kan ní Reference ló fún mi, wọ́n tiẹ̀ ní kí n padà wá lọ́jọ́rú kí àwọn fi bí mo ṣe máa lo àká jọ́nà hàn mí. Ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n ní láíbìrì ló ń fi Turnitin, ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó jọ ti ẹlòmíì, yẹ iṣẹ́ wò, tó bá sì kọjá iye kan, wọ́n á dá a padà. Báwo ni kí n ṣe ṣe é tí kò fi ní kọjá?

IyaLaibiri

Má fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà nítorí nọ́ńbà yẹn. Ohun tó jọra ló ń kà, kì í ṣe òun ló ń dájọ́ olè. Ìwé ìtọ́kasí rẹ nìkan lè gbé e sókè, èyí tí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò lè yọ kúrò. Bí o bá ti ka àpilẹ̀kọ tán, dé e, kọ ohun tó yé ọ láìwò ó, lẹ́yìn náà kí o ṣí i padà láti yẹ nọ́ńbà àti orúkọ wò. Ibi tí o bá ti nílò ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé gan-an, fi àmì sí i kí o kọ ojú ewé.

Béèrè iye tí ẹ̀ka tìrẹ gbà láàyè, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ ní ẹ̀ka míì. Béèrè bóyá wọ́n á gbà kí o yẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ wò kí o tó fi èyí tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Láíbìrì míì ń gbà, láíbìrì míì ò gbà. Lọ́jọ́rú tó o bá ń lọ, mú ìbéèrè rẹ lọ ní kíkọ, àti fláàṣì tó ní ààyè.